Bí a ṣe ń wọn oòrùn l'Abẹ́òkúta: ìbéèrè kan ṣoṣo fún iṣẹ́ mẹ́rin

Bí o bá ń ka fisíìsì nílé-ìwé gíga, wàá ti gbọ́ ọ títí etí rẹ fi kún: ṣe ìwádìí, kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kódù, wá ibi tí wàá ti máa kọ́ àwọn ọmọdé, gbé sáyẹ́ǹsì lọ bá ará ìlú. Wọ́n á kà á fún ọ bí ẹni pé ènìyàn mẹ́rin ló fẹ́ ṣe é. Èmi ò ní àyè mẹ́rin. Kíláàsì ń bẹ, práktíkà ń bẹ, iná ò dúró, owó dátà ò gbọ́ àlàyé. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo mú ìbéèrè kan, mo sì fi ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìbéèrè tèmi nìyí: ọjọ́ wo, ní aago mélòó, ni oòrùn máa ń dúró sí àtàrí gan-an l'Abẹ́òkúta, tí ohun tó bá dúró ṣánṣán kò fi ní ní òjìji?

Mo yàn án torí pé kò fẹ́ ẹ̀rọ olówó gọbọi, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ìlú yìí. Ìlú tó bá wà láàárín látítíúdì (iye dígírì tí ibì kan fi jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí àríwá àti gúúsù) 23.4 ní àríwá àti 23.4 ní gúúsù nìkan ni oòrùn ń dé àtàrí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ará Lọ́ńdọ̀nù lè ra ẹ̀rọ tó wù ú, kò lè ṣe eléyìí nílé. Abẹ́òkúta wà ní nǹkan bí 7.15 àríwá àti 3.35 ìlà-oòrùn. Kọ nọ́ńbà méjèèjì sí iwájú ìwé rẹ, torí inú wọn ni gbogbo nǹkan yòókù ti ń jáde.

Kí o tó gbé ọ̀pá, gbé bírò

Àwọn kan máa ń sáré jáde lọ wọn nǹkan láìmọ ohun tí wọ́n ń retí. N kì í fara mọ́ ọn. Kọ iye tí o rò pé wàá rí sílẹ̀ ná, kí ọkàn rẹ má baà máa tún un ṣe nígbà tí o bá ti rí òótọ́.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí aago. Aago 12 kọ́ ni ọ̀sán gangan níbí. Ìlà lọ́ńgítíúdì 15 ìlà-oòrùn ni aago Nàìjíríà ń tẹ̀ lé, ìlà yẹn ò sì kan ilẹ̀ wa rárá, Kamẹrúùnù àti Chad ló gbà kọjá. Yọ 3.35 kúrò nínú 15, ó ku 11.65. Ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan, ìyẹn ìṣẹ́jú 4 fún dígírì kọ̀ọ̀kan. 11.65 lọ́nà 4 jẹ́ ìṣẹ́jú 46.6. Nítorí náà, nǹkan bí aago 12:47 ni oòrùn wa ń dé góńgó. Kò tún wá dúró sójú kan láti oṣù dé oṣù, torí pé ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn po kì í ṣe òbìrípo tó pé, ayé fúnra rẹ̀ sì dagun. Ní àárín oṣù kejì, ọ̀sán gangan wa máa ń kọjá aago kan díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, nǹkan bí 12:30 ni.

Àwọn àlùfáà wa ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìgbà tí oòrùn bá yẹ̀ kúrò ní àtàrí, tí òjìji bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ni àkókò ìrun Àyìlà wọlé. Gígùn òjìji kan náà ni wọ́n fi ń mọ Aláásárì. Lọ wo kàlẹ́ńdà ìrun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri mọ́ṣáláṣí àdúgbò rẹ, wàá rí i bí àkókò ìrun ọ̀sán ṣe ń sún síwá sẹ́yìn láti oṣù dé oṣù. Mo máa ń ya á ní fọ́tò, mo sì ń fi yẹ kódù mi wò. Kó o tó rí ohun ìfiwéra tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ó máa pẹ́.

Kódù

Python ni mo ń lò. Má jẹ́ kí àìní láptọ́ọ̀pù dá ọ dúró: Pydroid 3 ń bẹ fún fóònù Android, Google Colab sì ń bẹ fún ẹni tí dátà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Pydroid ni mo fẹ́ràn jù, torí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú, òun ò ní kú.

Fọ́múlà tí wàá kọ́kọ́ kọ nìyí:

D = 23.44 × sin(360 × (284 + N) ÷ 365)

N ni iye ọjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní jẹ́ 1, ọjọ́ 8 oṣù kẹrin jẹ́ 98. D ni látítíúdì tí oòrùn wà lókè rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí D bá bá 7.15 mu, oòrùn ti dé orí wa. Gígùn òjìji ní ọ̀sán gangan ni gíga ọ̀pá lọ́nà tan ìyàtọ̀ tó wà láàárín D àti 7.15.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa yọ ọ́ lẹ́nu ni pé Python ò mọ dígírì, ráádíánì, òṣùwọ̀n igun mìíràn, ló mọ̀. Ní kó fún ọ ní sin 30, yóò gbé -0.988 lé ọ lọ́wọ́ dípò 0.5, kò sì ní ké pé nǹkan kan bàjẹ́. Nítorí náà, kí o tó gba ohunkóhun tó bá sọ gbọ́, fi nọ́ńbà tí o ti mọ ìdáhùn rẹ̀ dán an wò. Fún àwọn ohun inú kódù, orúkọ Yorùbá ni mo ń lò láìfi àmì sí i: ojo, igun, giga, ojiji. Ọmọ JSS2 tó bá rí i lójú fóònù mi á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Jẹ́ kí kódù náà rìn láti ọjọ́ 1 dé 365, kó tẹ ọjọ́ méjì tí D ti sún mọ́ 7.15 jù lọ jáde. Yóò sọ pé ọjọ́ 9 oṣù kẹrin àti ọjọ́ 2 tàbí 3 oṣù kẹsàn-án. Òótọ́ inú sánmọ̀ sì ni pé ọjọ́ 7 tàbí 8 oṣù kẹrin ni, àti ọjọ́ 3 tàbí 4 oṣù kẹsàn-án. Má ṣe fojú fo ìyàtọ̀ ọjọ́ kan yìí o! Fọ́múlà kékeré yẹn rò pé eré tí ayé ń sá yí oòrùn po kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ó máa ń yára ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní, ó sì máa ń fà ní oṣù keje. Tó o bá fẹ́ èyí tó péye, Astropy ń bẹ, àkójọ kódù ìmọ̀ sánmọ̀ tí wàá fi kún Python, ó mọ ibi tí oòrùn wà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kọ èyí tó ṣì yẹn ná, kí o wá fi Astropy sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o ya ìyàtọ̀ wọn fún odindi ọdún sórí gíráàfù. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ ohun tí fọ́múlà kan gbà sílẹ̀ láìsọ fún ọ.

Ọ̀pá, okùn, àti ihò

Ìwé á ní kí o ri ọ̀pá mọ́lẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé náà ò gbé abẹ́ Olúmọ. Nínú ìlú yìí, ibi tí o bá gbẹ́, àpáta lo máa bá. Garawa tó kún fún yanrìn ni mo ń lò, páìpù omi tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ kù ni mo sì ń kì bọ̀ ọ́. Orí ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ni kí o gbé e sí. Da omi díẹ̀ sílẹ̀. Bó bá sáré lọ sí ọ̀nà kan, ilẹ̀ náà ò tẹ́jú, wá ibòmíràn.

Ọ̀pá fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Bó bá fi dígírì kan ṣoṣo tẹ̀, lórí ọ̀pá mítà kan, òjìji á ṣì ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.7, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Yá okùn tí bíríkìlà ń so irin mọ́ nídìí láti fi wo ìdúró ògiri, kó o fi wo ọ̀pá náà láti ẹ̀gbẹ́ méjì.

Wàhálà kejì ni pé orí òjìji kì í mọ́ gaara. Oòrùn fẹ̀ tó ìdajì dígírì lójú wa, nítorí náà etí òjìji ọ̀pá mítà kan máa ń rú tó mìlímítà 9. Níbo lo fẹ́ fi rúlà sí nínú rúdurùdu yẹn? Ohun tó dára jù ni ihò. Gé páálí líle, lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọ̀pá kó yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó tẹ́jú, kí o lu ihò tó mìlímítà 2 tàbí 3 sí ibi tó yọ sí náà. Wọ̀n ọ́n láti ihò dé ilẹ̀, kó jẹ́ mítà kan géérégé. Lẹ́yìn náà sọ okùn bíríkìlà kalẹ̀ láti inú ihò yẹn, ibi tí irin rẹ̀ bá fojú sùn nílẹ̀ ni kí o fi pẹ́ńsù sàmì sí. Àmì yẹn ni ìdí ọ̀pá rẹ báyìí. Nínú òjìji páálí, wàá rí ìmọ́lẹ̀ róbótó kan. Àwòrán oòrùn ni. Àárín rẹ̀ ni kí o máa sàmì sí.

Bẹ̀rẹ̀ ní 12:20, máa sàmì ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Láti 12:40 lọ, ìṣẹ́jú kan kan, torí ìmọ́lẹ̀ náà ń sún ju mìlímítà 4 lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bí o bá yíjú wo WhatsApp, ó ti kọjá. Aago fóònù tó ń gba àkókò láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kó o tẹ̀ lé. Lọ́jọ́ tó yẹ, ìmọ́lẹ̀ yẹn á rìn wá láti ìwọ̀-oòrùn, á gun orí àmì pẹ́ńsù, á sì kọjá sí ìlà-oòrùn. Bí ó bá fi mìlímítà mélòó kan yẹ̀ ẹ́, má bínú sí i. Ó lè jẹ́ pé àárín ọ̀sán ọjọ́ méjì ni D bá 7.15 mu gan-an.

Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ojú wo oòrùn láti inú ihò náà. Ilẹ̀ la ń wò.

Bí ìkùukùu bá bo ọ̀sán gangan, ọ̀nà mìíràn ń bẹ. Láàárọ̀, fa òbìrípo yí àmì ìdí ọ̀pá po, kọ àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi kan òbìrípo náà. Lọ́sàn-án, dúró dè é kó tún kàn án ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ká ní 10:15 ni tàárọ̀, tí 3:20 sì jẹ́ ti ọ̀sán, àárín wọn ni ọ̀sán gangan, 12:47 lé díẹ̀. Ìlà tó bá pín àmì méjèèjì sí dọ́gba láti ìdí ọ̀pá ni àríwá sí gúúsù tòótọ́. Kọ́ńpáàsì inú fóònù ò dára tó o, pàápàá níbi tí irin bá wà nítòsí.

Ìwé àkọsílẹ̀ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ọjọ́, àkókò, gígùn, bí ojú ọ̀run ṣe rí, ẹni tó wọ̀n ọ́n. Jẹ́ kí ènìyàn mẹ́ta wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìrí ìwé ara wọn. Nọ́ńbà tó bá rí wọ́gọwọ̀gọ, fa ìlà kan lé e, má pa á rẹ́.

Ẹni tó ń sìnlẹ̀ ní Sókótó

Eratosthenes, tó ń gbé ní Alẹksáńdríà ní Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 240 ṣáájú Kírísítì, gbọ́ pé ìlú kan tó ń jẹ́ Syene wà ní gúúsù tí oòrùn ń dé àtàrí wọn. Lọ́jọ́ kan náà, òjìji wà ní Alẹksáńdríà, igun rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú àádọ́ta òbìrípo. Ó sọ ìjìnnà ìlú méjèèjì di ìlọ́po àádọ́ta, ó sì rí bí ayé ṣe tóbi tó.

Abẹ́òkúta lè jẹ́ Syene tiwa. Wá ẹni tí o mọ̀ tó ń sìnlẹ̀ ní Sókótó, agùnbánirọ̀ tó ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé dára jù, torí òun náà á fi kọ́ kíláàsì rẹ̀. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá dé àtàrí wa, ọ̀pá mítà kan ní Sókótó á ní òjìji tó tó sẹ̀ǹtímítà 10.3, ó sì máa kọjú sí àríwá. Ọ̀sán gangan tiwọn á fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 ṣáájú tiwa, sọ fún un kó tètè jáde. Bó bá wọn 10.3, igun rẹ̀ jẹ́ dígírì 5.88. Ìjìnnà láti gúúsù sí àríwá láàárín wa jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 654, kì í ṣe ti ọ̀nà mọ́tò tó ń wọ́ kiri o. 654 lọ́nà 360, pín in sí 5.88: o ti rí 40,041. Yíyí ayé po láti ìhà àríwá dé gúúsù padà jẹ́ nǹkan bíi 40,008.

Kí orí rẹ má tíì wú. Mìlímítà 2 péré tí ọ̀rẹ́ rẹ bá fi ṣì í, ìdáhùn á yí ní ohun tó lé ní kìlómítà 700. Sọ àṣìṣe yẹn nínú ìròyìn rẹ kí olùkọ́ rẹ tó bi ọ́. Bákan náà, ìjìnnà 654 yẹn, orí àwòrán ilẹ̀ ni kí o ti wọ̀n ọ́n pẹ̀lú rúlà. Bí o bá lo látítíúdì láti fi ṣírò rẹ̀, o ti fi ìdáhùn sínú ìbéèrè nìyẹn, o wá ń ṣe bí ẹni tó wá a rí.

Nílé-ìwé

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ méjèèjì máa ń bọ́ sígbà ìsinmi tàbí etí rẹ̀. Nítorí náà, má dúró de ọjọ́ náà. Lọ ní oṣù kẹta. Mú lẹ́tà dání, kí ọ̀gá ilé-ìwé dáadáa, kí o sì sọ apá síléébọ́ọ̀sì tó bá a mu: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn ní ìlà tààrà, bí òjìji ṣe ń wáyé. Lẹ́tà tó ní síléébọ́ọ̀sì nínú ni wọ́n ń kà. Èyí tó kún fún "a fẹ́ mú kí àwọn ọmọ nífẹ̀ẹ́ sáyẹ́ǹsì" máa ń sùn sórí tábìlì.

Ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù kẹta, òjìji ọ̀pá mítà kan ní ọ̀sán gangan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.5. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ti di nǹkan bíi 7.6. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, nǹkan bíi 3. Jẹ́ kí àwọn ọmọ fi àmì mẹ́ta yìí sórí ìwé gíráàfù, kí wọ́n na ìlà náà títí tó fi kan òdo, kí oníkálùkù wá kọ ọjọ́ tó rò pé òjìji máa pòórá sí ìwé rẹ̀, kó sì lọ wò ó fúnra rẹ̀ nílé nígbà ìsinmi. Iṣẹ́ àmúrelé tí ẹ̀gbọ́n ò lè bá wọn ṣe nìyẹn.

Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ òjìji. Bi wọ́n pé, ní oṣù kẹfà, ọ̀nà wo ni òjìji á kọjú sí ní ọ̀sán? Ìwé tí wọ́n kọ ní òkè-òkun máa ń fi oòrùn sí gúúsù nígbà gbogbo, òjìji sí àríwá. Níbí, láti oṣù kẹrin títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, àríwá ni oòrùn wa wà, gúúsù ni òjìji ń kọjú sí. Ní kíláàsì kan ní Ọ̀bàntokò, ọmọbìnrin kan jókòó pẹ́ lórí èyí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ìwé ló wá ń parọ́ ni?" Mo ní kó lọ wọ̀n ọ́n ní oṣù kẹfà kó tó bá ìwé jà. Àwọn tó ń lọ ilé-kéú lẹ́yìn ilé-ìwé ló máa ń tètè yé jù, torí wọ́n ti gbọ́ òjìji lẹ́nu àlùfáà. Jẹ́ kí wọ́n bá ọ ṣàlàyé fún àwọn yòókù. Bó bá jẹ́ Ramadan, má kó ọmọ tó gbààwẹ̀ sínú oòrùn ọ̀sán fún wákàtí kan; abẹ́ igi ni kó ti máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Ní gbangba

Ẹni tó bá rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n yí garawa yanrìn po ní ọ̀sán gangan, tí wọ́n ń fa òbìrípo sílẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ọkàn rẹ̀ kì í ṣe fisíìsì. Nítòsí ọ̀nà Alábàtà, màmá kan tó ń sun àgbàdo fi abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ètùtù ta ni ẹ ń ṣe?"

"Ẹ kú ọ̀sán mà. Kì í ṣe ètùtù mà, oòrùn la ń wọ̀n."

"Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n tán, ẹ bá mi sọ fún un kó rọra."

Ó wá wò ó. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ sí abẹ́ ihò páálí, ìmọ́lẹ̀ róbótó náà bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì bi wá pé bí òun bá lu ihò onígun mẹ́rin ńkọ́. A lù ú. Róbótó náà ló ṣì yọ jáde. Àlàyé ibẹ̀ ni pé àwòrán oòrùn ló ń bọ́ sílẹ̀, kì í ṣe ti ihò, tí ihò bá ti kéré tó. Ìbéèrè rẹ̀ yẹn wà nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo ń ṣe báyìí, èmi kọ́ ni mo ronú rẹ̀.

Nítorí náà, kí àwọn tó wà nítòsí kí o tó gbé garawa kalẹ̀, sọ ohun tí o fẹ́ ṣe, fi páálí kan há ara garawa tí a kọ "À ń wọn oòrùn, ẹ wá wò ó" sí. Má gbé makirofóònù. Jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Tí o bá parí, fi nọ́ńbà rẹ sínú fáìlì kan tí kódù lè kà, gbé òun àti kódù sórí GitHub, ibi tí wọ́n ń kó kódù sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí o sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà máa bá ọdún náà lọ: ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, wàá rí sẹ̀ǹtímítà 29 sí gúúsù, ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, 59 sí àríwá, bí eruku ọyẹ́ bá jẹ́ kí òjìji hàn. Ẹni tó bá wà ní Èkó, ọjọ́ 5 tàbí 6 oṣù kẹrin ni oòrùn á kọ́kọ́ dé àtàrí rẹ̀. Ìlọrin, nǹkan bí ọjọ́ 11. Fi látítíúdì ìlú rẹ rọ́pò 7.15 nínú kódù náà, kí o sì fi lọ́ńgítíúdì tìrẹ náà ṣírò aago ọ̀sán gangan kí o tó jáde.